Fọ́nrán búlúù, láíkẹ̀nì, àti àwọn ìbéèrè tí ẹ ò yé bi mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀rúnrún ike inú afẹ́fẹ́, mo ti dáhùn nǹkan wọ̀nyí títí ó ti sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tí ò mọ̀, láíkẹ̀nì ni nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi bíi lápálápá. Olú kan àti ewéko tíntìntín, irú èyí tó ń sọ omi àmù di àwọ̀ ewé, ló jọ ń gbé nínú ẹ̀. Kò ní gbòǹgbò, afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń bọ́ ọ, torí ẹ̀ ohun tó bá ń fò kiri níta á há sí i lára. Ní 1866, William Nylander, onímọ̀ láíkẹ̀nì kan, ti kíyè sí i ní Paris pé láíkẹ̀nì pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg ju ibi yòókù nígboro lọ, ó ní afẹ́fẹ́ tó mọ́ níbẹ̀ ló fà á. Ti ike ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àwọn ará Ítálì yẹ láíkẹ̀nì ìtòsí ààtàn kan wò, wọ́n gbé e jáde ní 2021, èyí tó sún mọ́ ààtàn jù ló kó ike jù. Ike tí ò tó mílímítà 5 la ń sọ o, kì í ṣe ọ̀rá tó fẹ́ kọ́ sórí wáyà iná.

Àǹtí, mi ò rí láíkẹ̀nì kankan ní Muṣin.

Igi àgbà ni kó o wò, kì í ṣe ògiri. Wá sínú ọgbà yunifásítì ní Akọka, tàbí kó o lọ wo àwọn igi Freedom Park ní Broad Street. Tó ò bá rí i lóòótọ́ ládùúgbò yín, kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ò rí i, ìyẹn náà jẹ́ èsì.

Mo rí i, àmọ́ kò ṣeé ṣí kúrò lára igi.

Èyí tó dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun igi, fi í sílẹ̀. Èyí tí etí ẹ̀ gbé sókè bí ewé là ń fẹ́. Fọ́n omi díẹ̀ sí i kó rọ̀, fi ọ̀bẹ onírin ṣí i, kó o sínú àpòòwé bébà. Àpòòwé bébà ni mo wí. Ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá piọ wọ́tà, ó ní òun ń wá ike.

Ṣé mo lè bèèrè fún irú láíkẹ̀nì tí wọ́n fi wá ike inú afẹ́fẹ́ ní Milan, ní Ítálì?

Rárá. *Evernia prunastri* nìyẹn, ọmọ ilẹ̀ òtútù ni, oòrùn Èkó á pa á. Ti ara igi àdúgbò yín ni kẹ́ ẹ lò.

Ìsàlẹ̀ igi ilé ìwé wa ni láíkẹ̀nì pọ̀ sí, ṣé kí àwọn ọmọ mú níbẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti kun ìdí igi yẹn ní funfun rí. Ọ̀dà ìmọ́ṣàn fúnra ẹ̀, ike ló wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń bó wẹ́wẹ́. Okùn bánà òṣèlú náà ńkọ́, èyí tí oòrùn ti jẹ tó ń tú lórí igi láti ìbò tó kọjá? Ẹ gòkè ju ibẹ̀ lọ, tàbí kẹ́ ẹ wá igi míì.

Mo fẹ́ ra hydrogen peroxide kí n fi jẹ láíkẹ̀nì yẹn dànù nílé kó lè ku ike nìkan.

Ibí ni mo ti máa ń lé èèyàn padà. Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ojú egbò, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń jẹ́, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí tó lè ṣe é, ìdá 30 ni, ó máa jó ọwọ́ ẹ títí táwọ̀ ẹ á fi funfun, tó bá sì wọjú, ọ̀rọ̀ di ti ọsibítù. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìgò tó o dé pa, ìgò á bẹ́. Gbé e lọ sí láàbù tó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Mi ò bá ẹ ṣeré o.

Àwọn fọ́nrán dúdú kún inú tèmi, ike ni gbogbo ẹ̀, àbí?

Ó ṣeé ṣe kó má sí ike kankan ńbẹ̀. Láíkẹ̀nì ní irun dúdú tó fi ń di èèpo igi mú, wọ́n jọ fọ́nrán aṣọ gan-an. Òwú aláǹtakùn náà wà ńbẹ̀. Fi iná sí abẹ́rẹ́ títí á fi pọ́n, fi kàn án lábẹ́ máíkróskóòpù: ike á yọ́ tàbí kó ká jọ, òwú àti irun láíkẹ̀nì á kàn jó dúdú. Ẹ̀rún táyà ò gba ẹjọ́ abẹ́rẹ́ yìí, kì í yọ́, ṣe ló máa ń rọ̀ bíi rọ́bà tó o bá tẹ̀ ẹ́, ó sì pọ̀ létí ọ̀nà tí dánfó ti ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà.

Fọ́nrán aláwọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀, ibi yòówù kí n ti mú un wá.

Háà. Jókòó.

Èmi náà so láíkẹ̀nì mọ́ igi níbi mẹ́ta nígbà kan kí n lè mọ ike tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ọ̀kan létí títì ní Ojúẹlẹ́gba, ọ̀kan lẹ́bàá àwọn tó ń ta aṣọ ní Balógun, ọ̀kan lọ́hùn-ún ní Ẹ̀pẹ́ níbi tó jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká. Ìgbà tí mo rí fọ́nrán búlúù nínú ti Balógun, inú mi dùn, mo ní aṣọ ni, ó tán. Mo tiẹ̀ ti sọ fún ọ̀gá mi. Ọjọ́ kejì mo ṣí ti Ẹ̀pẹ́, búlúù. Mo wo blánkì, ìyẹn omi lásán tí mo sẹ́ láìfi láíkẹ̀nì kankan sí i, búlúù.

Mo kọ́kọ́ di í ru nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí mo fi so wọ́n, torí búlúù lòun náà, mo sì gbà pé ìwà òmùgọ̀ ni pé mo lò ó. Mo sọ ọ́ nù, mo lo òwú. Búlúù ṣì wà. Mo ní aṣọ láàbù wa ni, pọliẹ́sítà ni wọ́n, gbogbo wa bọ́ ọ, a wọ ti òwú tí mo ní kí wọ́n pa láró ọsàn kí n lè dá a mọ̀ tó bá ṣí. Mo gba súwẹ́tà òkíríkà lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ torí pé éésì ń mú un, ó bínú sí mi. Mo pa éésì, mo pa fáànù, a ti fèrèsé, nínú ooru oṣù kẹta, òógùn ń ro wá létí. Mo sẹ́ omi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fi fọ gíláàsì. Búlúù.

Nígbà tó sú mi, mo fi bébà asẹ́ tútù sínú àwo gíláàsì márùn-ún, mo gbé wọn kalẹ̀ láṣí sílẹ̀ mọ́jú: ojú fèrèsé, abẹ́ éésì, ẹnu ọ̀nà, inú kọ́bọ́ọ̀dù, àti orí tábìlì máíkróskóòpù. Láàárọ̀, mẹ́rin mọ́, bóyá fọ́nrán kan tàbí méjì. Ti orí tábìlì, bí ẹni pé ẹnì kan gẹ irun búlúù sí i.

Mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Tówẹ̀lì búlúù kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé lé gíláàsì ọkọ̀ èèyàn nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Èmi fúnra mi ni mo rà á nígbà tí a há sí Adéníji. Òun ni mo fi ń nu tábìlì láràárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí gbogbo nǹkan lè *mọ́*. Mo já fọ́nrán kan níbẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ kàn án, ó yọ́, ó di róbótó. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo dà nù, ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi lè pe ọ̀gá mi.

Nítorí náà: àkísà òwú funfun, kó tutù, ni kó o fi nu tábìlì. Gbé àwo blánkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ẹ, ìgbà tó o bá ṣí láíkẹ̀nì ni kó o ṣí i, ìgbà tó o bá dé e ni kó o dé e. Tí blánkì bá ní mẹ́ta, tí láíkẹ̀nì ní mẹ́rin, o ò tíì rí nǹkan kan, má wá sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ Ojúẹlẹ́gba ni.

Ó ti yọ́ lábẹ́rẹ́, blánkì náà mọ́. Irú ike wo ni?

Ojú lásán ò lè mọ ìyẹn, tèmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ Raman tàbí FTIR, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ dá irú ike mọ̀, ló ń sọ ọ́, ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọ́n sì ń gbowó ẹ̀. Ẹ̀rún táyà tún máa ń yọ wọ́n lẹ́nu torí carbon dúdú inú ẹ̀, sọ fún wọn ṣáájú tó o bá fura sí i. Mú blánkì ẹ dání lọ. Ẹni tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láìmú un wá, mo dá a padà sí Ìkòròdú tòun tàpòòwé ẹ̀.