Físà ìfẹ̀yìntì ní Tháílàǹdì: wọ́n bèèrè ọjọ́ orí mi, wọ́n bèèrè ti owó mi

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìfẹ̀yìntì jókòó sí Tháílàǹdì gbọ́dọ̀ ti pé ẹni 50 ọdún. Ìyẹn kò ni mí lára rárá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ewú ti gbalẹ̀ lórí mi. Ọjọ́ orí owó ló gba làákàyè.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin wọn là sílẹ̀. Kí 800,000 bàátì, owó ilẹ̀ Tháílàǹdì, wà ní báńkì ibẹ̀ lórúkọ ìwọ nìkan. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ó ń lọ sí bíi 18,000 pọ́n-ùn. Tàbí kí 65,000 bàátì máa wọlé láti òkèèrè lóṣooṣù. Tàbí kí o da méjèèjì pọ̀, kí àròpọ̀ wọn lọ́dún tó 800,000. Láyé àtijọ́, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á kàn gba lẹ́tà lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba rẹ̀ ní Bangkok pé iye báyìí ló ń wọlé fún òun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, wọn kò kọ irú lẹ́tà yẹn mọ́, Amẹ́ríkà náà sì ti ṣíwọ́. Àkọsílẹ̀ báńkì ló kù tó lè jẹ́rìí. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó 65,000 lóṣù, ni mo bá mú ọ̀nà àkọ́kọ́.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba físà Non-O, físà tí a kọ́kọ́ fi ń wọlé, kí n tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. 90 ọjọ́ péré nìyẹn. Àṣẹ ìjókòó ọdún kan tí à ń wá, inú Tháílàǹdì la ti ń tọrọ rẹ̀, kó tó di pé 90 ọjọ́ yẹn tán. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìwé lọ, owó náà gbọ́dọ̀ ti lo oṣù méjì gbáko ní báńkì. Ó ku nǹkan bí oṣù kan fún yín láti rí ilé, ṣí àkáǹtì, kí owó sì balẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wo tẹ́ńpìlì kiri ti fi ọjọ́ orí owó rẹ̀ ṣeré.

Ibi àkáǹtì yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ní báńkì àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ní Chiang Mai, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pàtẹ́wọ́ pọ̀ níwájú àyà, ó sì ní kò ṣeé ṣe àfi tí mo bá mú ìwé ẹ̀rí ibùgbé wá láti Ìmígíréṣọ̀n. Ìmígíréṣọ̀n ní àwọn kò ní fún mi bí onílé mi kò bá tíì fi orúkọ mi sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù TM.30, èyí tó yẹ kí onílé ṣe láàárín wákàtí 24 tí àjèjì bá ti wọlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni onílé ṣe di kọ́kọ́rọ́ báńkì. Kí ẹ tó san owó ilé kankan, ẹ bi onílé nípa TM.30. Bó bá ń fì síwá fì sẹ́yìn, ẹ máa lọ. Ẹ má sì fi ẹ̀ka báńkì kan pinnu: ohun tí ti ìhín kọ̀, ti ọ̀hún lè gbà á, orúkọ kan náà ló sì wà lára ilé méjèèjì.

Pọ́n-ùn ni mo fi ránṣẹ́, mo jẹ́ kí báńkì ibẹ̀ ṣẹ́ ẹ sí bàátì, kó lè hàn nínú ìwé pé òkèèrè ló ti wá. Mo fi díẹ̀ lé 800,000 náà, kí owó kékeré tí báńkì bá yọ má baà fà á sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ sí Ìmígíréṣọ̀n, mo kọ́kọ́ yà ní báńkì. Mo san 100 bàátì sínú àkáǹtì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé báńkì mi, kó lè gbé ọjọ́ òní. Mo gba lẹ́tà wọn pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí ẹ bá rí ọdún 2568 lórí ìwé. 2025 tiwa náà ni, ìṣírò ẹlẹ́sìn Búdà ni. Ohun tí mo kó lọ nìyí: fọ́ọ̀mù TM.7 tí a fi ń tọrọ ọdún kan náà, fótò, àwòrán ọ̀nà ilé, fótókọ́pì gbogbo ewé ìwé ìrìnnà tó ní òǹtẹ̀, ìfọwọ́síwèé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti 1,900 bàátì. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ọdún kan fún mi.

Owó náà kò tíì gba òmìnira o. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn òǹtẹ̀, 800,000 gbọ́dọ̀ pé síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè ná an, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 400,000 lọ, kó sì tún ti pé padà ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó tún ìwé ṣe. Ìdajì rẹ̀ kò ní jáde mọ́ nìyẹn. Àbúrò mi ní Ìbàdàn gbọ́, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ wá tọ́jú owó tó lè ra ilẹ̀ sí ibi tí ẹ ò ti lè fọwọ́ kàn án?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, owó ìjókòó ni.

Nígbà tí ó yá kí n lọ sí ìgbéyàwó nílé, mo gba ìwé ìpadàwọlé kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú: 1,000 bàátì fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún iye ìgbà tó bá wù yín. Ẹni tó bá jáde láìgbà á, ọdún kan rẹ̀ ti kú ní pápákọ̀. Lẹ́yìn 90 ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó sì máa ròyìn ibi tí ẹ ń gbé fún Ìmígíréṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa tí a ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba kì í gòkè fún ẹni tó ń gbé Tháílàǹdì. Iye tí ẹ bá bá a ni yóò dúró sí. Nàìjíríà náà kò yàtọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ ń gòkè níbikíbi tí ẹ bá wà.

Nítorí pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà lórí àkáǹtì yìí, bí onítọ̀hún bá kú, báńkì yóò ti owó náà pa títí ilé ẹjọ́ Tháílàǹdì yóò fi yan ẹni tí yóò bójú tó ogún. Mo lọ bá lọ́yà, a kọ ìwé ìhágún ní èdè Thai àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ọmọ mi àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù.