Ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo fi ṣọ́ ìka mi lórí fóònù

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni mí o. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Búdà, mo máa ń jókòó ṣe àṣàrò láràárọ̀, ṣùgbọ́n tí n bá ti dìde tí mo gbé fóònù báyìí, ìjà ti dé nìyẹn. Ni mo bá ní kí n fi ọjọ́ 30 gbìyànjú ọ̀rọ̀ títọ́, ìyẹn ìkẹta nínú Ọ̀nà Mẹ́jọ tí Búdà là sílẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló ní ká yẹra fún: irọ́, ọ̀rọ̀ tó ń tú èèyàn ká, ọ̀rọ̀ líle, àti ìsọkúsọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ líle ló máa dà mí láàmú, àṣé rárá, tí inú bá ti ń bí mi mo kàn máa da fóònù dojú bolẹ̀ ni, tó bá fi máa tó wákàtí kan kò ní wù mí fèsì mọ́.

Screenshot ló mú mi. Ní ọjọ́ kọkànlá, ọ̀rẹ́ mi kan sọ nǹkan nípa ẹlòmíì fún mi, mo ya á, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tọ́rọ̀ kàn. Mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ibẹ̀ ló sì ti tàn mí, torí Búdà ní ohun tá a bá gbọ́ níbí ká má gbé e lọ sọ́hùn-ún láti fi da àárín wọn rú. Kí n tó sáré pa á rẹ́, ó ti kà á. Àwọn méjèèjì ni mo bẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni mo ti kọ ìbéèrè márùn-ún sí bébà kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù: ṣé àsìkò ẹ̀ nìyí, ṣé òótọ́ ni, ṣé ó tutù lẹ́nu, ṣé ó wúlò, ṣé ìfẹ́ ló ti wá? Kò pẹ́ sígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n kan fi fọ́tò àtijọ́ sí gúrúùpù wa bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, "Ẹ máa yẹ nǹkan wò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ o," mo wá yí fóònù padà. Òótọ́ ni, ó wúlò, àmọ́ níwájú gbogbo èèyàn? Mo pa á rẹ́, mo lọ bá wọn ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, fọ́tò yẹn ti pẹ́ o, ẹ wo ibi tó ti kọ́kọ́ jáde." Àwọn fúnra wọn ló yọ ọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni o. Búdà bi ọmọ-ọba Abhaya pé tí òkúta bá há sọ́mọ lẹ́nu ńkọ́, Abhaya ní òun á yọ ọ́, kódà kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni òótọ́ tó wúlò ṣe lè dunni nígbà míì.

Ìsọkúsọ nìkan ni mi ò tíì lè yẹra fún. Láàjìn àná, oorun ń kùn mí, mo ṣì ń fi emoji dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí rárá.