Ẹ ka rìsíìtì ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ àti Parakin n'Ífẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó mówó jáde.

Ìdúnàádúrà lásán kì í de ẹnikẹ́ni. Rìsíìtì ló ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ìwé pélébé tí wọ́n fi gba àsansílẹ̀ lásán, bí orúkọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, ibi tí ilẹ̀ wà àti iye tí ẹ fẹnu kò sí bá wà nínú rẹ̀, ó lè de ẹni tó bá fọwọ́ sí i ní kóòtù. Kò dìgbà tí lọ́yà bá tẹ ìwé ńlá. Bí ẹ kò bá tíì wádìí ilẹ̀ náà tán, ẹ ní kí wọ́n kọ "subject to contract" sí i, kó yé gbogbo yín pé àdéhùn ò tíì wà.

Ti ìbílẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá san owó pé lójú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ó ti tà nìyẹn, ìwé ò báà má sí. Síbẹ̀, ẹ gbàwé. Ẹlẹ́rìí a máa kú.

Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Bí wọ́n bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni. Bí òun nìkan bá sì tà á, àwọn àgbà ẹbí yòókù lè ní kí kóòtù fagi lé e.