Ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi àìsàn Màmá pè

Ọmọ wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Dókítà, Màmá ń bá òkú sọ̀rọ̀." Mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àìsàn ọpọlọ nígbà náà. Kí Màmá tó la ẹnu, mo ti kọ schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, sí etí fáìlì wọn.

Mo ní kí ọmọ náà dúró síta. Mo kí Màmá dáadáa, mo fa àga sún mọ́ wọn, mo bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. "Orí mi ń gbóná, bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Àyà mi ń já." Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè máa wá ibà kiri. Lọ́dọ̀ wa, ìbànújẹ́ sábà máa ń gba inú ara sọ̀rọ̀, nítorí náà mo béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. "Látìgbà tí Bàbá wọn ti lọ." Ó ti di oṣù mẹ́jọ.

Oorun ńkọ́? Aago mẹ́ta òru lojú wọn ń là, ó parí nìyẹn. Oúnjẹ ńkọ́? Wọn ò dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n tú ìró wọn, wọ́n sì tún un ró kí n rí i: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọjà ò wù wọ́n tà mọ́, kò sì sí ohun tí wọn ò dá ara wọn lẹ́bi sí. Ìwé ICD-11 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àwọn àìsàn, tí a ń lò láti 2022, ní ká rí àmì 5 ó kéré tán nínú 10, fún ọ̀sẹ̀ 2, ká tó pè é ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Wọ́n sunkún. "Ó ń wá. Àmọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ńkọ́?"

Ó wá ku ohùn òkú. "Bàbá wọn ni. Nírọ̀lẹ́, lásìkò tí wọ́n ń ti oko dé, wọ́n á pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú o." Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń gbọ́ irú rẹ̀, kì í ṣe wèrè. Mo fa ìlà pa ohun tí mo kọ.

Ọ̀gá mi wọlé, wọ́n béèrè oògùn tí Màmá ń lò, èyí tí mo gbàgbé pátápátá. Wọ́n tún béèrè bóyá ìgbà kan wà tí Màmá kì í sùn síbẹ̀ tí agbára wọn ń pọ̀ sí i, torí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè da irú ẹni bẹ́ẹ̀ rú. Kò sí. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ṣúgà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìṣòro thyroid, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, torí àwọn náà lè fara jọ ọ́. Kò sí ìkankan.

Mo pe ọmọ wọn wọlé. "Orí Màmá ò dàrú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ni, ó sì ní ìtọ́jú." Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.