Bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́, tí a sì ń bá wọn lò tí ilé iṣẹ́ fi ń ní àṣà rere

Ilé búrẹ́dì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Òru ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀, ọ̀gá sì ti lọ sùn. Iye búrẹ́dì tó jáde nínú ààrò, iye tó jóná, iye tí wọ́n kó lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Under-G, àdúgbò kan nílùú náà, ẹnu òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá ti máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yin lè máa ta oògùn, ẹ sì lè máa tẹ̀wé. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí mò ń pè ní àṣà ilé iṣẹ́ kò le. Tí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá bi èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀ pé, "Ṣé ọ̀gá máa bínú tí mo bá ṣe báyìí?", èsì tó bá gbọ́ ni àṣà ilé iṣẹ́ yín.

Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó wá ẹni tó máa ṣe é

"Mò ń wá ọmọ tó máa ràn mí lọ́wọ́" kì í ṣe iṣẹ́. Aago mélòó ló máa dé? Kí ló wà níkàáwọ́ rẹ̀? Ta ló máa jíṣẹ́ fún? Èló ni, ọjọ́ wo lẹ máa san án, ọjọ́ wo ló máa fi sinmi? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kó tó pé oṣù 3 tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀, ìsinmi rẹ̀ àti bí ẹ ṣe lè pínyà. Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi máa dúró di oṣù kẹta. Ọjọ́ tó bá wọlé ni kí ẹ fún un. Tí ó bá jẹ́ Yorùbá ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ń kà já geere, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lójú yín

Kí ẹ tó lẹ ìwé kankan mọ́ra ògiri, pásítọ̀, àfáà àti ìyá àdúgbò á ti máa mú ọmọ wá: "Ọmọ dáadáa ni, mo mọ ìyá rẹ̀." Kò burú, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò kan náà ni kí gbogbo wọn ṣe. Ẹ ní kó wá ṣiṣẹ́ òru kan, kí ẹ sì sanwó òru náà fún un, ẹ gbà á síṣẹ́ o, ẹ ò gbà á o. Ẹ wò ó bó ṣe ń bá ẹni tó ń fọ páànù sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ní nǹkan tí ẹ mọ̀ pé kò lè mọ̀. Ẹni tó bá sọ pé, "Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo lè kọ́ ọ," ọjọ́ tí ààrò bá bàjẹ́ lóru, irú wọn ló máa tètè pè yín.

Ẹ pe ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ rí. Ní ti onídùúró, ìbuwọ́lùwé nìkan kò tó. Ẹ lọ sílé rẹ̀, kí ẹ rí i lójúkojú, kí ó sì gbọ́ lẹ́nu yín irú owó tí ọmọ náà yóò máa mú. Tí ẹ bá fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH (yunifásítì ìlú náà) fún títa ọjà nírọ̀lẹ́, ẹ bèèrè ìgbà ìdánwò wọn ṣáájú. Ẹ má gbé pípo ìyẹ̀fun lóru fún ẹni tó ní kíláàsì aago mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ ẹbí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń fọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá á mú búrẹ́dì méjì sábẹ́ aṣọ láàárọ̀, gbogbo ènìyàn á rí i, wọn á wo ojú ara wọn, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Tó bá yá, báàgì gbogbo wọn ni yóò máa wú bọ̀ láti inú ilé búrẹ́dì. Tí ẹ bá lé ẹlòmíràn lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ti fi hàn wọ́n pé olè ní ìran.

Èmi kò sọ pé kí ẹ má gba ẹbí. Ẹ fún un ní ìwé kan náà, owó kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀gá lórí rẹ̀. Tí ìyá rẹ̀ bá wá bẹ̀bẹ̀ pé, "Ọmọ yín náà ni, ẹ forí jì í," ẹ tẹ́ ẹ lọ́rùn nílé, kí ìjìyà rẹ̀ níbi iṣẹ́ má yí padà.

Owó oṣù

Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fi tirẹ̀ sí ₦80,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, nítorí náà kò de ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ yín ń gbọ́ rédíò. Ẹ sọ iye tí agbára yín ká fún wọn, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ tí ẹ dá.

Nígbà tí LAUTECH bá lọ ìsinmi, ọjà á dín kù. Kí ẹ tó di gbèsè owó oṣù, ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ jọ dín ọjọ́ iṣẹ́ kù títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi wọlé. Ẹni tó gbọ́ ṣáájú lè lọ wá nǹkan kún un. Ẹni tó gbọ́ lọ́jọ́ owó oṣù á wá bó ṣe máa gba tirẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Tí òṣìṣẹ́ bá sì wá yáwó, ẹ rántí pé òfin kò gbà kí ẹ san ju owó oṣù kan lọ fún un ṣáájú.

Tí owó bá dín

Ohun tí ọ̀gá púpọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á pín owó tó sọnù lé gbogbo òṣìṣẹ́ lórí, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Òfin kò fàyè gba gbígé owó oṣù láti fi dáni lówó ìtanràn. Tí òṣìṣẹ́ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fa òfò, tàbí tó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ ohun tó bá mọ níwọ̀n. Ẹ yọ òfin kúrò, ẹ wo ohun tó ń kọ́ wọn: ẹni tí kò jalè san, ẹni tó jalè náà san, èrè olè ṣì wà lápò olè. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, olóòótọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò tirẹ̀.

Kíkà ni kí ẹ gbájú mọ́. Tí àwọn òru bá fẹ́ fiṣẹ́ lé àwọn àárọ̀ lọ́wọ́, ẹni kan láti apá kọ̀ọ̀kan á jọ ka búrẹ́dì, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, àwọn méjèèjì á buwọ́ lù ú. Èyí tó jóná kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n kó o sínú abọ́ kan títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ojú rí i. Kí ẹ sì fún olúkúlùkù ní búrẹ́dì kan tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá tún mú ìkejì kò ní lè sọ pé ebi ló ń pa òun.

Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe

Tí ẹ bá ní kí apòyẹ̀fun bu bromate sí i, kẹ́míkà tó ń mú búrẹ́dì wú, èyí tí NAFDAC ti fòfin dè nínú búrẹ́dì, tí ẹ sì sọ pé "má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́", ẹ ti kọ́ ọ pé irọ́ dára tí owó bá wà níbẹ̀. Ìwé ńlá tí wọ́n ń buwọ́ lù kò ní ràn yín lọ́wọ́ mọ́.

Ìsinmi àti ìbáwí

Lábẹ́ òfin, ọjọ́ kan nínú méje ni ti ìsinmi; lẹ́yìn ọdún kan, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó. Oníbàptíìsì àti Mùsùlùmí kún ìlú yìí, ẹ lo àǹfààní rẹ̀: kí Mùsùlùmí dúró sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí Kìrìsìtẹ́nì dúró sẹ́nu iṣẹ́ nígbà Iléyá. Tí ẹnì kan bá ṣẹ̀, ẹ pè é sínú yàrá. "Olóríburúkú" tí oníbàárà gbọ́ kì í tètè tán nínú ẹni.

Tí ẹ bá ní láti dá ẹnì kan dúró

Òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ fi tó o létí ṣáájú: tí kò bá tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan ṣáájú. Tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò tó ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún 2 sí 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù kan. Ẹ fi ìwé ṣe é, kí ẹ san gbogbo ohun tó kù fún un lọ́jọ́ náà. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rí, ẹ má pè é lólè lójú àwọn tó kù. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Under-G dé Tákíè kí ilẹ̀ tó ṣú, pé kò gba owó fún yín mọ́.