Bí a ṣe lè kọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa ní èdè adití

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ adití n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí kò lówó oṣù. Àràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, tí mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bá ẹni tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè ṣe é ládùúgbò tiwọn. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọmọ kan tí mo kọ́ láti kékeré, tó ti di télọ̀ báyìí, ń ti òde ìyàwó bọ̀ lálẹ́. Ọlọ́pàá ní kó dúró, kò gbọ́. Ìgbà tí iná tọ́ọ̀ṣì bà á lójú ló tó dúró, ló bá ki ọwọ́ bọ àpò kó lè yọ fóònù, kó kọ ọ́ hàn wọ́n pé adití lòun. Wọ́n rò pé ìbọn ló fẹ́ yọ. Wọ́n lù ú, wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì sun sẹ́ẹ̀lì mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní kántà ní, "Màmá, a bi í léèrè títí, kò dá wa lóhùn. A rò pé agídí ló ń ṣe ni." Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá yẹn kò parọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ rí.

Ẹ má kàn dédé wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹ wá PCRC àgbègbè yín, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú àti ọlọ́pàá jọ ń ṣèpàdé nínú rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, kí ẹ sì bẹ alága ìgbìmọ̀ náà kó bá yín mú un lọ. Lẹ́tà tèmi kò ju ojú ewé kan lọ: ẹni tí mo jẹ́, ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn, àti pé n kò ní gba kọ́bọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n tó pè mí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mo ń lọ sípàdé ìgbìmọ̀ náà, mo ń jókòó, mo ń gbọ́ tẹnu wọn.

Ogún ìṣẹ́jú péré ni kí ẹ bèèrè, láàárọ̀ tí wọ́n bá tò fún pàréèdì, kí wọ́n tó pín iṣẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú kò lè jókòó gbọ́ yín fún wákàtí kan.

Ẹ má sì dá lọ. Ẹ jẹ́ kí adití fúnra rẹ̀ kọ́ wọn, kí ẹ̀yin máa túmọ̀. Télọ̀ yẹn kọ̀ fún mi ní oṣù àkọ́kọ́, n kò sì fipá mú un. Ní oṣù kejì ló wá. Ó dúró níwájú ọlọ́pàá 17, ó ṣe bí alẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí hàn wọ́n: iná lójú, ẹnu ọlọ́pàá tó ń mì tí òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ọwọ́ tó lọ sápò. Ṣágẹ́ǹtì obìnrin kan tó wà láàárín wọn sunkún. Gbogbo ohun tí mo ti fi oṣù kan sọ, kò wọ̀ wọ́n lára tó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ wọn kò pọ̀. Ìka ìlábẹ̀ kan etí, ó wá kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu: adití nìyẹn. Ọwọ́ tí a ká bíi lẹ́tà C, tí a fi sí àyà òsì níbi tí báàjì máa ń wà: ọlọ́pàá. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tó já lu àtẹ́lẹwọ́ òsì: dúró. Èdè ọwọ́ tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960, mú wá ni a ń lò. Lẹ́yìn èyí la máa ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe lóru: kí ọlọ́pàá tan iná sí ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó tètè na bírò àti ìwé sí onítọ̀hún. Ibi tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tó bá de ọwọ́ adití sẹ́yìn, ẹnu ló dì fún un. Bó bá di dandan, iwájú ni kí wọ́n de é sí.

Ẹ mú òfin dání. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé láàárín wákàtí 24, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un, ní èdè tó yé e. Fún ọ̀pọ̀ adití, èdè yẹn kì í ṣe Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, èdè ọwọ́ ni, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, náà wúlò. Ẹ kà á sí wọn létí, gbólóhùn kan lọ́jọ́ kan.

Ní ti ọrẹ, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ má ra epo sí ọkọ̀ wọn, ẹ má sì mú ohunkóhun lọ nígbà tí ẹjọ́ yín tàbí ti mọ̀lẹ́bí yín bá wà níwájú wọn, nítorí ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ti di rìbá. Nǹkan ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kó lọ. Àwa kó ẹ̀dà Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, pátákó ìkọ̀wé kan, bírò àti ìwé pélébé tó ṣeé kì bọ àpò, àti àwòrán àmì ọwọ́ 12 tí a láminéètì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kántà. Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kó o kalẹ̀ lójú gbogbo ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fowó ṣe é, kó san owó ọkọ̀ ògbufọ̀ tàbí ti adití tó wá kọ́ wọn. Níbẹ̀ gan-an ni owó ti máa ń wọ́n wa.

Ẹ lẹ nọ́ńbà ògbufọ̀ méjì ó kéré tán mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán yẹn, àwọn tó máa gbé fóònù lóru. Ní nǹkan bí aago kan òru ọjọ́ kan, ọlọ́pàá kan pè mí: "Màmá, ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wa, ó fọwọ́ kan etí, ó fọwọ́ kan ẹnu." Nígbà tí mo débẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni ọmọkùnrin náà jókòó sí, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti àdírẹ́sì wọn sílẹ̀.

Wọ́n máa ń gbé ọlọ́pàá kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, DPO náà á sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí tuntun bá dé, ẹ mú fọ́tòkọ́pì lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn lọ kí i, kí ẹ sì béèrè ibi tí ti àná lọ, nítorí ó lè pè yín sí àgọ́ tuntun tó wà. Bí a ṣe dé àgọ́ kejì wa nìyẹn.