Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Títún Bàálù Ogun Àtijọ́ Ṣe: Ẹ Gbé Búrọ́ọ̀ṣì Onírin Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti bá wa tún bàálù ogun àtijọ́ ṣe, a dúpẹ́. Iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kò tó. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí ní Ìlọrin níbí ń bí mi nínú, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́. Ọmọ tó ti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán wá á ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó rà ò sì ní wúlò. Ẹlòmíràn á tún wá ba èyí tí owó kò lè rà jẹ́. Ẹ wo L-29, bàálù jẹ́ẹ̀tì tí Czechoslovakia ṣe, tí ìjọba àpapọ̀ rà nígbà ogun abẹ́lé. 1974 ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn, orílẹ̀-èdè tó ṣe é gan-an sì ti pín sí méjì láti 1993. Ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ lọ ra páànù apá rẹ̀?

1. Ríra sípánà kẹ́ ẹ tó bèèrè. MiG-17, bàálù ajagun ilẹ̀ Soviet, àti L-29 tí wọ́n kó dé ní 1967, mìlímítà ni nọ́ọ̀tì wọn. Bulldog, bàálù kékeré tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Britain, íǹṣì ni tiẹ̀. Ẹni tó bá fi sípánà íǹṣì fipá tú nọ́ọ̀tì mìlímítà á yọ igun rẹ̀ di róbótó, ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wá wo bàálù ná, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà.

2. Jíjókòó sórí àga awakọ̀ láti ya fọ́tò. Ti MiG-17 àti L-29, àga tó ń ju awakọ̀ síta nígbà ewu ni, ẹ̀tù ló sì ń jù ú. Ẹ̀tù tó ti gbó kò ṣeé fọkàn tán rárá. Ẹ má jókòó síbẹ̀, àfi tí ẹni tó mọ̀ nípa ohun ìjà bá ti yọ ẹ̀tù náà, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ ọ́.

3. Títú aago inú rẹ̀ wò. Ọ̀dà tó ń tàn lóru lójú aago àtijọ́, rédíọ̀mù, ohun olóró tó ń tú ìtànṣán jáde, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tàn mọ́, oró rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: ó tó 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìlàjì. Ẹ má ṣí dígí rẹ̀.

4. Búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Àwọn ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀bítà ló ń ṣe é jù, torí ohun tí wọ́n ń ṣe lára mọ́tò ni wọ́n gbé wá: họ ọ́, fi pọ́tì dí ibi tó wọnú, fín ọ̀dà sí i. Irin ni ara mọ́tò. Ara bàálù, alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ bàbà ni. Bàbà yẹn ló fún un lágbára, òun náà ló ń mú kó tètè jẹrà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ògidì alumíníọ̀mù bo ojú páànù náà. Ìbòrí ọ̀hún fẹ́lẹ́ gan-an: páànù tó nípọn tó mìlímítà 1, ìbòrí rẹ̀ lójú kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.05 lọ. Sáńdípépà líle kò ní pẹ́ kó o kúrò. Ti búrọ́ọ̀ṣì onírin tún burú jù bẹ́ẹ̀. Èérún irin á há sójú páànù. Bí òjò bá ti kán sí i, irin á máa jẹ alumíníọ̀mù.

Mo rí i níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn àgbà lọ kírun. Kí wọ́n tó dé, ọmọkùnrin kan ti họ páànù kan lápá òsì títí tó fi ń dán. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ wá wò ó, ó ti di tuntun!" Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àmì pupa kéékèèké yọ káàkiri ojú páànù yẹn, bíi pé ẹnì kan fi orí abẹ́rẹ́ gún un. Lẹ́yìn náà, ìyẹ̀fun funfun ń wú jáde lábẹ́ orí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó so páànù pọ̀. Mo fi èékánná kàn án, ó ṣí kúrò, ihò ló kù níbẹ̀.

Páànù, a lè fọwọ́ wa gé òmíràn, bó tilẹ̀ máa pẹ́. Ọ̀dà tó họ dànù ló dùn mí jù. Ọ̀dà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tòun ti nọ́ńbà àtijọ́, àti ọ̀rọ̀ wínníwínní tí àwọn tó ń tọ́jú bàálù náà kọ síbẹ̀. Ibẹ̀ la ò bá ti mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ya fọ́tò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ yẹn kò ní èrò búburú, àní owó ara rẹ̀ ló fi ra búrọ́ọ̀ṣì náà, ṣùgbọ́n kò bèèrè.

Ọṣẹ tí kò le, omi, àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ lò. Bí ọ̀dà bá gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, kẹ́ ẹ fi máàkà tọ ojú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó fi sáńdípépà olómi tó kúnná ká a ní ìpele ìpele. Bẹ́ ẹ bá kan ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n bí ìyeyè, ẹ dúró. Oró kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má họ ọ́ ní gbígbẹ láé. Aṣọ tẹ́ ẹ so mọ́mú kò tó.

Pẹ́ńsù náà ńkọ́? Ẹ má fi sàmì sára páànù. Ohun dúdú inú rẹ̀ máa ń mú kí alumíníọ̀mù jẹrà níbi tẹ́ ẹ bá fà á sí. Máàkà ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ má da bóòtù gbogbo sínú garawa kan. Páànù kan, ọ̀rá kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Táyà: ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán pátápátá kẹ́ ẹ tó kan bóòtù tó so rímù pọ̀. Irú rẹ̀ ti pa èèyàn.

Ẹ má sì ná owó sórí aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ yín sí láyà. Èyí tó ti gbó nílé tó.

Ihò omi abẹ́ apá nìkan ló kù, òun ni wọ́n sì máa ń gbójú fò jù. Nígbà ọyẹ́, eruku àti amọ̀ agbọ́n á dí i pa. Tí òjò oṣù kẹrin bá dé, omi á dúró sínú apá, apá á máa jẹrà láti inú wá. Kí oṣù kẹta tó parí, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ má lo wáyà, kẹ́ ẹ bu omi díẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń jáde nísàlẹ̀. Èyí tí kò bá jáde, ẹ pè wá.